Bàbá ńlá tí orúkọ rẹ̀ sọnù ní Kamouraska

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Québec ní Kánádà ni ọmọbìnrin mi fẹ́, Beaulieu ni orúkọ ìdílé ọkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá lo ìsinmi, ọmọ wọn, ọmọ ọdún 11, gbọ́ tí mo ń ké oríkì ilé wa. Ló bá ní, "Ìyá àgbà, ti Pàpá ńkọ́?" Àna mi kò mọ̀ ju pé àgbẹ̀ ni bàbá ńlá òun ní Kamouraska. Ó tú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì títí dé nǹkan bí ọdún 1790, Beaulieu bá pòórá. Wọ́n tún ní ilé àlùfáà ibẹ̀ ti jóná rí. Ṣé ọ̀nà ti dí nìyẹn?
Ìyá Ìbejì, Kétu

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ọ̀nà kò dí o. Ọdún 21 ni mo fi jókòó ti ìwé ọjọ́-ìbí ní mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, níbí ní Àjàṣẹ́, tí mo ń kọ "né vers 1938" (a bí i ní nǹkan bí 1938) fún àwọn bàbá tí wọ́n ní ọdún tí eéṣú jẹ oko ni wọ́n bí àwọn. Ìlara ni ìwé àwọn ará Québec ṣe mí. Àkọsílẹ̀ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú wọn ti wà láti 1621.

Ti iná yẹn kéré. Ẹ̀dà méjì ni àlùfáà ń kọ: ọ̀kan á wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì á lọ sí kóòtù. Kí àna yín wá èkejì lọ́dọ̀ BAnQ, ilé ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba Québec. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Orúkọ ló ní wàhálà, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó rú ọmọ Kétu lójú. Àwọn náà ní àlàjẹ́. "Dit", ìyẹn "tí a ń pè ní", ni wọ́n fi ń so ó mọ́ orúkọ ìdílé. Orúkọ ogun sójà ni òmíràn, òmíràn wá látara ilẹ̀ tí èèyàn ń gbé. Tó bá pẹ́, àwọn ọmọ kan á di orúkọ àkọ́kọ́ mú, àwọn kan á di àlàjẹ́ mú. Ní agbègbè Kamouraska àti Rivière-Ouelle, àwọn Hudon dit Beaulieu pọ̀, ọmọ Pierre Hudon tó gbé Marie Gobeil níyàwó ní 1676. Kí àna yín wo abẹ́ Hudon. Àmọ́ kó má tíì jó: Beaulieu mìíràn wà tí kò bá Hudon tan rárá.

Orúkọ ìyàwó ni yóò tú ọ̀rọ̀ náà fún un. (Àwọn ọkùnrin tó ń wá ìdílé kì í fẹ́ gbọ́ èyí, orúkọ bàbá nìkan ni wọ́n ń tẹjú mọ́.) Joseph lè pé mẹ́wàá nínú ìjọ kan, ṣùgbọ́n Joseph tó fẹ́ ọmọ lágbájá àti tẹ̀mẹ̀dù, ẹyọ kan ni. Ìwé ìgbéyàwó máa ń dárúkọ òbí ọkọ àti ti ìyàwó. Obìnrin kì í sì í pàdánù orúkọ ilé bàbá rẹ̀ nínú ìwé wọn, títí wọ́n fi máa sin ín. Látorí ìgbéyàwó kan, ẹ gun ti àwọn òbí, kí ẹ tún gun ti àwọn òbí wọn. Université de Montréal ti to ìdílé wọ̀nyí pọ̀ sínú iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní PRDH. Owó ni wọ́n ń gbà fún èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Ìwé ìkànìyàn 1871 ka ilẹ̀ tí bàbá kọ̀ọ̀kan ń ro, ó ka màlúù rẹ̀, ó tún kọ ìwọ̀n ṣúgà tó sè láti inú oje igi érable. Ẹ tún tọ ìwé àwọn notaire lọ, àwọn tó ń kọ ìwé àdéhùn lábẹ́ òfin. Tí àgbẹ̀ bá darúgbó, ó lè fi oko lé ọmọ lọ́wọ́ níwájú notaire, kí ọmọ sì máa bọ́ òun: ìyẹ̀fun, igi ìdáná, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á ka gbogbo rẹ̀. Mo rí èyí tí wọ́n kọ "màlúù tí kì í kú" sí. Ẹ̀rín pa mí kí n tó lóye: bí màlúù bàbá bá kú, ọmọ gbọ́dọ̀ fa òmíràn wá.

Bí àna yín bá rí irú ìyẹn, ẹ ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ mọ bí ẹ ó ṣe fi màlúù náà sínú oríkì.