Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ọjọ́ Ìrántí Langston Hughes

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹgbẹ́ òǹkàwé wa fẹ́ ṣe ìrọ̀lẹ́ kan ní ìrántí Langston Hughes, akéwì aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó kú ní 1967. A fẹ́ ka ewì rẹ̀, kí onílù wà níbẹ̀, kí a sì tẹ ìwé pélébé tí ìtumọ̀ Yorùbá díẹ̀ máa wà nínú rẹ̀. Báwo la ṣe máa tò ó tí kò fi ní dàrú? — Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ àsọjù ló sábà ń ba irú ètò yìí jẹ́. Alága á sọ, bàbá ìsàlẹ̀ á sọ, àlejò pàtàkì á sọ. Kó tó kan akéwì tí a torí rẹ̀ pé jọ, wọ́n ti ń gbé oúnjẹ kiri. Ẹ dá wákàtí kan ààbọ̀ sọ́tọ̀, kí ewì àti orin gba ọgọ́ta ìṣẹ́jú nínú rẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ewì méjìlá ti tó, torí púpọ̀ nínú ewì Hughes kì í ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ lẹ́nu.

Ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni lórí èyí, torí bí Hughes ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣe ìsìnkú tirẹ̀ náà nìyẹn. Ní Harlem, àdúgbò aláwọ̀ dúdú ní New York, ní oṣù Èbìbí 1967, Randy Weston, atẹdùùrù jazz, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi dùùrù àti blues, orin arò àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ṣe é, gẹ́gẹ́ bí olóògbé ṣe fi sílẹ̀. Orin Duke Ellington, gbajúmọ̀ olórin jazz, kan ni wọ́n fi kádìí rẹ̀. Bí a bá túmọ̀ àkọlé orin náà, ohun tó ń sọ ni pé, “Ẹ má ṣe nǹkan kan títí ẹ óò fi gbúròó mi.” Àwàdà òkú nìyẹn.

Nínú ewì méjìlá yín, ẹ má fo “Youth”. Òun ni Nnamdi Azikiwe fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní oṣù Bélú 1960, lọ́jọ́ tó di Gómìnà Àgbà. Hughes wá sí Èkó fún ayẹyẹ náà. Yunifásítì Lincoln ní Pennsylvania ni àwọn méjèèjì ti kàwé.

Ó wá ku onílù. Tiwa ni gángan, ṣùgbọ́n ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ni. Bí akàwé ṣe ń sọ tiẹ̀ ni ìlù á máa sọ tiẹ̀, etí àwọn èèyàn á sì tẹ̀lé ìlù, torí èdè tí wọ́n gbọ́ látìgbà èwe ni. Ẹ jẹ́ kí gángan kí àlejò wọlé, kó sì dákẹ́. Gìtá kan tàbí dùùrù kan ni kó wà lábẹ́ ewì, kó máa yí blues onígbá méjìlá (èyí tí wọ́n ń pè ní “12-bar”) po jẹ́jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan àyíká rẹ̀ máa ń gbà bí ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí náà àyíká méjì tó fún ewì kúkúrú. Kí olórin bẹ̀rẹ̀ ṣáájú akàwé, kó sì parí lẹ́yìn rẹ̀.

Ewì blues rẹ̀ ní òfin tirẹ̀. A sọ gbólóhùn kan, a tún un sọ, ìkẹta ló ń fèsì. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé àṣìtẹ̀ ni àtúnsọ yẹn, á fò ó. Kí akàwé mí ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn àtúnsọ kó tó gbé èsì jáde. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín tàbí ẹkún wà. Ẹ má sì jẹ́ kó fi ohùn rárà kà á. Ohùn ẹni tó ń báni sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ló bá Hughes mu.

Ti ìtumọ̀: gbogbo èèyàn ló fẹ́ túmọ̀ ewì odò rẹ̀, “The Negro Speaks of Rivers”, tó kọ nínú ọkọ̀ ojú irin nígbà tó ń lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Mẹ́síkò, tí ìwé ìròyìn The Crisis sì tẹ̀ jáde ní 1921. Adúláwọ̀ ni kí ẹ fi túmọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó lò, “Negro”, kì í ṣe èébú láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà nígbà náà. Fún “I’ve known rivers” tó fi bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá kọ “mo ti mọ odò”, ó máa dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ. “Mo mojú odò” sún mọ́ ọn jù, ó gbé ìfaramọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ dání. Ìjìnlẹ̀ tó sọ nínú “My soul has grown deep like the rivers”, ọkàn ni kó jinlẹ̀, kì í ṣe inú. “Inú mi jìn” lè mú kí wọ́n rò pé ẹni tí kì í sọ tinú rẹ̀ ni. Odò mẹ́rin ló dárúkọ: Eufrate, Kóńgò, Náílì àti Mississippi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Odò Ọya tàbí Ọ̀ṣun kún un.

Kí ẹ tó tẹ̀wé, ẹ wo ti kọ́píráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀, The Weary Blues ti 1926, ti bọ́ lọ́wọ́ òfin láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà ti 2022 fún òǹkọ̀wé ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú, èyí tó gbé Hughes dé òpin 2037. Ẹ kọ̀wé sí ilé ìtẹ̀wé tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ojú ewé àkọlé, oṣù mẹ́ta ṣáájú ó kéré tán. Kí ẹ dárúkọ ewì kọ̀ọ̀kan, iye ẹ̀dà, èdè, àti bóyá títà ni tàbí ọ̀fẹ́. Lẹ́tà tó bá béèrè “gbogbo ewì rẹ̀” kì í sábà rí èsì. Ewì èyíkéyìí tí ẹ bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ wá a nínú àkójọ ewì rẹ̀ ti 1994, The Collected Poems of Langston Hughes, tí ewì 868 wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé abẹ́ ilẹ̀ tí èèyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni eérú òkú Hughes wà? Kì í ṣe àbùkù ni? — Òǹkàwé, Houston

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ilé ìkàwé Schomburg ní Harlem ni, níwájú gbọ̀ngàn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Ilẹ̀ alárà tí wọ́n fi idẹ ya odò sí ni wọ́n fi bò ó ní 1991, wọ́n sì fa gbólóhùn ìkẹyìn ewì odò yẹn sí àárín rẹ̀. Nígbà ayẹyẹ náà, Maya Angelou àti Amiri Baraka, akéwì aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà méjì, jó lórí rẹ̀. Ní tiwa, ẹni tí bàbá àgbà rẹ̀ sùn sínú yàrá nínú ilé kò ní pe ìyẹn ní àbùkù.

Ìbéèrè: Fún ọdún tí wọ́n bí Hughes, a rí 1901, a rí 1902. Èwo ni ká kọ sára bánà? — Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ọdún 1902 ni ìwé àtijọ́ ń sọ. Ní 2018, àwọn ìròyìn kékeré nínú ìwé ìròyìn aláwọ̀ dúdú ìgbà náà ní Kansas fi hàn pé ó ti wà láyé kó tó di 1902, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ 1901 báyìí. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé. Bí ẹ bá ti tẹ 1902, ẹ má wulẹ̀ tún bánà tẹ̀.