Ẹranko wo ló lè jẹ ewédò nínú táǹkì ẹṣin òkun láì pa ẹja náà lára?

Ìṣáwùrú òkun ni kí ẹ fi sí i, pàápàá Trochus àti Cerith. Trochus máa ń dìde fúnra rẹ̀ tó bá dojú dé. Astraea, ìṣáwùrú òkun mìíràn, kì í sábà lè ṣe bẹ́ẹ̀: ibi tó ṣubú sí ló máa kú sí, òkú rẹ̀ á sì ba omi jẹ́. Fún táǹkì 100 lítà, ẹ fi 5 tàbí 6 bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá pọ̀ jù, ebi á pa wọ́n. Ẹ máa kán omi táǹkì sínú ike wọn díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan kí ẹ tó tú wọn sílẹ̀, torí ìyípadà iyọ̀ òjijì ń pa wọ́n. Oògùn tó ní bàbà nínú náà ń pa wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi akàn sí i. Ẹṣin òkun á fi ìrù wé igi, á dúró jẹ́ẹ́ sójú kan. Ọwọ́ akàn lè ya ìrù yẹn, ojú egbò náà sì ni kòkòrò àrùn ń gbà wọlé. Ẹja tó ń jẹ ewédò bíi tang náà yára jù, á jẹ oúnjẹ tán mọ́ ẹṣin òkun lọ́wọ́.

Edé mysis (edé kékeré tí a fi ń bọ́ ẹṣin òkun) tó ṣẹ́kù sílẹ̀ táǹkì ló ń di ajílẹ̀ fún ewédò. Ẹ fi ọ̀pá rọ́bà fà á jáde ní 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ. Tó bá jẹ́ ohun pupa tó ń yọ̀ bí ikun ló bo iyanrìn, cyanobacteria (irú bakitéríà kan) nìyẹn, ìṣáwùrú kì í sábà jẹ ẹ́. Ọwọ́ lẹ máa fi fà á kúrò.