Bí epo pupa ṣe lè dúró nínú jẹ́lì karọ́ọ̀tì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ń ṣe jẹ́lì karọ́ọ̀tì tà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Wọ́n ní kí n máa fi epo díẹ̀ sí i kí fítámì A rẹ̀ lè wọ ara, ṣùgbọ́n orí jẹ́lì ni epo pupa tí mo bá dà sí i máa ń léfòó sí. Ṣé kí n jẹ́ kí jẹ́lì náà le sí i ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Kárótìn inú karọ́ọ̀tì, tí ara wa ń sọ di fítámì A, kì í yòrò nínú omi bí kò ṣe nínú ọ̀rá; ọ̀rá bíi gíráàmù 3 sí 5 nínú oúnjẹ kan, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí kékeré kan epo, sì ti tó kí ìfun lè gbà á sára. Epo pupa tí a kò dáná sun títí tí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí tún ní kárótìn tirẹ̀.

Líle jẹ́lì kọ́ ni yóò dá epo dúró. Ó yẹ kí epo fọ́ sí wẹ́wẹ́, kí purotéènì sì yí ẹ̀kán rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká, kí wọ́n má baà tún para pọ̀. Iṣẹ́ yìí gan-an ni àwọn ìyá wa ń ṣe nínú mọ́ínmọ́ín: purotéènì ẹ̀wà ni ó ń di epo mú bí wọ́n ti ń pò ó, òun náà ni ó sì ń dì nígbà tí iná bá mú un. Nínú jẹ́lì tiyín, mílíìkì oníyẹ̀fun lè ṣe é. Ẹ má lo ẹyin tútù, nítorí pé ọmọdé ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ po mílíìkì mọ́ karọ́ọ̀tì tí ẹ ti sè tí ẹ sì ti lọ̀, kí ẹ máa kán epo sí i díẹ̀díẹ̀ bí búlẹ́ńdà ti ń ṣiṣẹ́, títí epo kò fi ní hàn lójú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da jẹ́látìnì (èròjà tí ń mú jẹ́lì dì) tí ẹ ti yọ́ sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki kí ẹ tó bù ú sínú ife, nítorí pé inú èyí tí ó ṣì ń ṣàn ni epo ti ń rí àyè gòkè.

Nínú ìfun, èròjà tí ń mú ọ̀rá dà gbọ́dọ̀ kan ara ẹ̀kán epo kí ó tó lè ṣiṣẹ́, omi òróòro yóò sì gbé kárótìn dé ara ògiri ìfun. Jẹ́lì tí ó bá le jù ń dí ọ̀nà yìí. Ikùn lè da jẹ́látìnì, ṣùgbọ́n kò lè da ágà, èròjà mìíràn tí ń mú jẹ́lì dì, tí wọ́n ń fi ewéko òkun ṣe. Lójú tèmi, jẹ́látìnì ni kí ẹ lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn Ìbàdàn yóò yọ́ ọ bí ó bá pẹ́ lórí àtẹ. (Ẹ ka ara páálí rẹ̀ kí ẹ tó tà á fún ọmọ Mùsùlùmí, nítorí pé òmíràn wá láti ara ẹlẹ́dẹ̀.) Ẹ bo ife náà, kí ẹ sì kó o sínú fìríìjì, torí pé ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń ba kárótìn jẹ́.