Má tíì ta gírámófóònù ìyá àgbà

Àbúrò, jọ̀ọ́, má tíì tà á. O ní gírámófóònù alápòótí tí ìyá bàbá rẹ fi sílẹ̀ wà nílé yín ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, pé awọ dúdú ara rẹ̀ ti ń bó, o sì fẹ́ fi kún owó kí o lè gba èyí tó ní ìwo idẹ gbàǹgbà lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Ọjà Ọba. Ohun tí èmi náà ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn ní 2011, ó sì ń dùn mí dòní.

Àpótí bàbá mi ni mo gbé sílẹ̀, mo tún ka ₦120,000 lé e. Ìwo yẹn ń dán yanran, àwòrán ajá tó ń gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀ wà lára pátákó. Mo gbé e sí pálọ̀, mo pe ará ilé. Àwo kan ṣoṣo kò tíì parí tí ohùn olórin ti ń fà bíi ti ẹni tí oorun ń kùn. Mo bá tú ìdí rẹ̀. Síkúrù tí orí rẹ̀ rí bí àgbélébùú ni mo kọ́kọ́ rí. Àárín àwọn ọdún 1930 ni irú síkúrù bẹ́ẹ̀ wọ ọjà; ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní ti 1910 kò lè gbé e wá láti ilé iṣẹ́. Inú pátákó funfun, ó ṣì ń rùn bíi ti ilé káfíńtà. Èyí tó wá pa mí lẹ́kún ni mọ́tò rẹ̀: inú gírámófóònù alápòótí ni wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n tú irú ti bàbá mi palẹ̀ kí wọ́n lè fi ṣe ayédèrú yẹn! Wọ́n pọ̀ lọ́jà, Íńdíà sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá.

Nítorí náà má fi dídán ìwo ṣe ẹ̀rí. Irin tí wọ́n kùn lọ́dà ni ọ̀pọ̀ ìwo àtijọ́, àwọn kan sì jẹ́ igi. Ajá yẹn náà kì í ṣe ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ṣí ti ìyá àgbà wò. Bó bá jẹ́ HMV 102 (HMV ni ilé iṣẹ́ tó ni àmì ajá yẹn), tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1931, 5A tàbí 5B ni o sábà máa bá lára orí róbótó tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀. Bó bá jẹ́ HMV 101, ti 1925, nọ́ńbà 4 ló wọ́pọ̀. Bí o bá bá nǹkan mìíràn, wọ́n lè ti pààrọ̀ rẹ̀, iye rẹ̀ sì lè wálẹ̀. Fọwọ́ ẹ̀lẹ̀ mú un o, torí irin àwọn kan nínú wọn máa ń wú, á sì sán bó bá ti gbó. Rọ́bà inú rẹ̀ tó bá gan ṣeé pààrọ̀. Irin tó ti wú kò ní àtúnṣe.

Kì í ṣe owó ìkọ́lé. Wọ́n ṣe é púpọ̀, dúdú ló sì wọ́pọ̀ jù. Aláwọ̀ pupa tàbí búlúù ló máa ń wọ́n. Ṣùgbọ́n o ní ìyá àgbà ta aṣọ nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Láti 1907 tí reluwé ti dé Òṣogbo ni ọjà òkèèrè ti ń sọ̀ sí àgbègbè yẹn, ìtàn náà sì bá ẹ̀rọ náà mu. Kọ ọ́ sílẹ̀, wá fọ́tò ìyá kún un. Má kùn ún, má fi awọ tuntun bò ó.

Àwọn àwo orin rẹ̀ ńkọ́? O ò mẹ́nu bà wọ́n rárá, bẹ́ẹ̀ wọ́n lè lówó lórí ju ẹ̀rọ lọ. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin ìsìn Yorùbá fún Zonophone, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo orin, ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Tunde King, olórin Èkó, gba jùjú sílẹ̀ fún Parlophone, ilé iṣẹ́ àwo mìíràn, ní 1936. Bí irú wọn bá wà níbẹ̀, tí kò sán, fi aṣọ wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o gbé e dúró lóòró. Bí àwo amọ̀ ni wọ́n ṣe ń fọ́. Má gbé ìkankan lé ẹ̀rọ láìpààrọ̀ abẹ́rẹ́, torí ojú àwo kan ni abẹ́rẹ́ irin kan wà fún.

Ya fọ́tò orí abẹ́rẹ́ yẹn àti àkọlé àárín àwọn àwo lálẹ́ òní, kí n rí wọn kí ọkùnrin Ọjà Ọba tó tún pè ọ́.