Ṣé fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) tó ki, tó ní igun, dára fún pátákó ìsọ̀ ní Kétu ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó dára fún orúkọ ìsọ̀ àti àkọlé ńlá, ṣùgbọ́n kò yẹ fún ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ bí àdírẹ́sì. Lẹ́tà tó ki, irú Impact tó jáde ní 1965, máa ń hàn láti òkèèrè. Tí a bá kọ ọ́ kéékèèké, ihò inú «a» àti «e» á dí.

Ibi tí wàhálà wà jù ni ɛ àti ɔ tí a fi ń kọ Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀: ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì àkọlé ni kò ní wọn. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, kò sì ní ɛ́ ní ẹyọ kan. Lẹ́tà lọ́tọ̀, àmì lọ́tọ̀, fọ́ǹtì ló ń tò wọ́n léra. Kí ẹ tó sanwó fún atẹ̀wé, ẹ tẹ «ƆLƆ́JÀ» wò. Noto Sans Black ní gbogbo wọn, ọ̀fẹ́ sì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igun rẹ̀ kò mú.