Ṣé iye kan náà ló yẹ kí obìnrin àti ọkùnrin máa gbà lẹ́nu iṣẹ́ ilé kíkọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àdéhùn 100 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé (ILO), ọdún 1951, ní iṣẹ́ tí iye rẹ̀ bá dọ́gba, kí owó rẹ̀ dọ́gba. Kì í ṣe iṣẹ́ kan náà nìkan o: a lè fi obìnrin tó ń ṣírò ohun èlò wé ọkùnrin tó ń darí àwọn bíríkìlà, tí ìmọ̀, wàhálà àti ojúṣe wọn bá bára mu.

Àjẹmọ́nú ni ìyàtọ̀ sábà máa ń gbà wọlé. Àwọn tó wà ní sáìtì ló ń rí i gbà jù, ọkùnrin ló sì pọ̀ níbẹ̀. Àdéhùn náà ka àjẹmọ́nú mọ́ owó iṣẹ́, torí náà má fi owó oṣù nìkan wéra.