Atọ́kọ̀ kì í yé sínú pọ́ǹdù, ẹ báà da iyọ̀ àpò méje sí i

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Pọ́ǹdù onísìmẹ́ǹtì kan wà lẹ́yìn ilé mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, lítà 10,000 ló ń gbà, àrọ̀ ni mò ń sìn níbẹ̀. Ẹnì kan ta ẹja atọ́kọ̀ mẹ́fà láàyè fún mi, takọtabo, láti etí ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́. Ó ní kí n máa bu iyọ̀ sómi, pé tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta wọ́n á yé. Iyọ̀ tó báwo ni kí n bù?

Ìdáhùn: Ẹ má bu ṣíbí kan, màmá wa. Ìwé kẹrin irú èyí rèé tí mo máa gbà, iye iyọ̀ nìkan ló ń yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná. Nínú lítà omi òkun kan, iyọ̀ ibẹ̀ tó gíráàmù 35. Pọ́ǹdù yín á gba kílò 350, ìyẹn àpò oníkílò 50 méje. Gbogbo ìkọ́kọrẹ́ ọjọ́ Ojúde Ọba ò lè jẹ iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀! Kí àpò méje sì tó pé, àrọ̀ yín á ti kú tán.

Bẹ́ẹ̀, iyọ̀ kọ́ ni ẹja yẹn ń wá. Oríṣi atọ́kọ̀ pọ̀. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mugil cephalus ni mò ń sọ. Ó ń gbé inú omi tí kò níyọ̀ rárá, ó sì ń gbé inú èyí tó níyọ̀ ju òkun lọ. Yíyé ni kò lè yé síbẹ̀. Bí àkókò bá tó, wọ́n á wọ́ jọ, wọ́n á gba ẹnu ọ̀sà jáde lọ sójú òkun, ibẹ̀ ni abo ti ń tú ẹyin dà sómi. Ẹyin ọ̀hún lè ju mílíọ̀nù kan lọ, ẹyọ kan ò sì tó mìlímítà kan. Ó ń pa ní nǹkan bí ọjọ́ méjì. Ìgbà tí ọmọ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjì ló ń padà wọ ọ̀sà. Ẹ sé abo mọ́ pọ́ǹdù, ẹyin inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, á wá dúró lójú kan.

Ẹ máa ní, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún àrọ̀ kó lè yé l'Eriwe, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja nítòsí yín, ńkọ́? Wọ́n ti gún un fún atọ́kọ̀ ní Taiwan àti Ísírẹ́lì, ó sì yé. Ṣùgbọ́n omi òkun gidi ni wọ́n lò, ọmọ tó pa sì kéré débi pé oúnjẹ ọmọ àrọ̀ ò lè wọ ẹnu rẹ̀. Íjíbítì tó ń sìn ín jù láyé, ọmọ tí wọ́n fi àwọ̀n kó létí òkun ni wọ́n ń sìn jù.

Ẹ pa ọ̀kan nínú mẹ́fà yẹn, kí ẹ la ikùn rẹ̀. Ẹ máa bá ohun kan tó ki, tó le bí iwe adìyẹ, tí iyanrìn wà nínú rẹ̀. Ìdọ̀tí kọ́. Ẹrẹ̀ ló ń gbé mì, iyanrìn yẹn ló fi ń lọ ewé omi tíntìntín tó wà nínú ẹrẹ̀ náà. Ìsàlẹ̀ pọ́ǹdù yín, sìmẹ́ǹtì ni. Kí ló fẹ́ jẹ níbẹ̀?

Tó bá ṣì wù yín, pọ́ǹdù inú ilẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́, ọmọ ni kí ẹ wá, kí ẹ sì béèrè ní ọ́fíìsì ẹja ti ìjọba kí ẹ tó ju àwọ̀n sínú ọ̀sà. Mi ò rí omi yín o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi nìkan náwó. Ẹni tó tà á fún yín, ẹ ní kó dá owó padà. Bó bá kọ̀, ẹ yan márùn-ún tó kù jẹ.